Omi Mímọ́ Tó Tẹ Ìmọ́lẹ̀ Jù

Kútọnu, ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún, 2008

Èmi? Èmi Kòkúmọ́ ni Étienne ń pè ní afọ-alùpùpù? Lucie, bá mi bi í léèrè dáadáa: ta ló rí ọṣẹ lọ́wọ́ mi? Sọ fún un pé mi ò fọ nǹkan kan fún ẹnì kankan ní Kútọnu yìí, àfi aṣọ ara mi, ìyẹn náà tó bá wù mí. Awò ojú ni mò ń tà! Awò dúdú, awò funfun, awò ìkàwé, awò tí àwọn ọmọge fi ń ṣe bíi pé àwọn ò rí èèyàn. Mo gbé pátákó mi kọ́rùn, mo dúró síbi iná pupa. Bí ọkọ̀ bá ti dúró báyìí, èmi ni mínísítà ojú. Lánàá, òṣìṣẹ́ báńkì kan ní òun ò rí ọ̀ọ́kán mọ́. Mo fi awò kan sí i lójú. Ó ní, "Ha, mo rí orí òpó iná yẹn!" Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ tẹjú mọ́ ọn díẹ̀ sí i, ẹ máa rí ọ̀la." Ó ra méjì. Olójú méjì péré, ó ra awò méjì! Kí Étienne wá tà bẹ́ẹ̀ kí n rí i.

Èmi àti ẹ̀ la jọ wà ní CM2, kíláàsì àṣekágbá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi ti jáde, mo ti sọdá ibodè, mo ti dọ̀gá. Òun ṣì wà ní lísè, ilé ìwé girama, ó jókòó sí kíláàsì kan náà pẹ̀lú ìwọ àbúrò mi, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbá ìwé. Wọ́n máa tó wá gba owó orí lọ́wọ́ ẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Ó tó. Inú mi ti rọ̀. Lucie mi, báwo ni? Ṣé ẹ ṣì ń gun òkè sọ̀kalẹ̀ òkè ní Atakpamé yẹn? Látìgbà Àjíǹde tí mo ti kọ̀wé, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ṣé mo ti kú sí yín lọ́wọ́ ni? Tẹlifóònù kan ló wà nílé, àpò Pàápá, bàbá wa, ló sì ń gbé, bí mo bá fẹ́ bá ìwọ nìkan sọ̀rọ̀, àfi kí n mú bíìrò. Kọ̀wé sí mi jàre.

Ẹ̀taòkò, awakọ̀ tó ń ná Kútọnu sí Atakpamé, ló gbé àpò tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Awò ìkàwé wà níbẹ̀ fún Pàápá, kí wọ́n yéé na Bíbélì síta bí ẹni tó fẹ́ jù ú nù. Agolo tí rúlà, kọ́ńpáàsì àti ràpọ́tọ̀ wà nínú ẹ̀, tìẹ nìyẹn. Ràpọ́tọ̀ yẹn, ike roboto tí ẹ fi ń wọn igun, ojúlówó ni o. Ọ̀dọ̀ àwọn Jámánì ló ti wá. Ẹni tó tà á fún mi ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì búra.

Ìgò omi tó wà níbẹ̀, ti Bàbá Àgbà Igbẹ́kọ̀yí, ẹ̀gbọ́n Pàápá, ni. Bá mi fi lé wọn lọ́wọ́ fúnra rẹ. Omi mímọ́ ni. Àwọn tó lọ síbi ìrìnàjò Màríà ló bù ú wá, fáàdá ti súre sí i, mo sì kán lọ́fíńdà sí i kó má baà máa rùn bí ike. Ìrora orúnkún ló wà fún. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i àyàfi àwọn fúnra wọn. Bí wọ́n bá mu ún tán tí wọ́n ń kọrin, orin ìyìn ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tí Étienne ń bẹ̀rù,
Kòkúmọ́


Atakpamé, ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, 2008

Fòfó Kòkúmọ́, ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú oòrùn o, ẹ kú pátákó ọrùn. Gbogbo wa wà. Ẹ ní a ò kọ̀wé: mo kọ̀wé! Ẹ̀taòkò ló gbàgbé ẹ̀ sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀. Ó sọ fún mi fúnra ẹ̀, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Òun ni kí ẹ bínú sí, ẹ fi mí sílẹ̀.

Mo sọ fún Étienne pé awò lẹ ń tà. Ó ní bó bá jẹ́ òótọ́, kí ẹ fi ọ̀kan sójú kí ẹ wo ara yín nínú díńgí. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bá a ṣe é.

Àmọ́ ẹ gbọ́ eléyìí. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà, Pàápá dìde láàárín ìjọ pẹ̀lú awò tí ẹ fi ránṣẹ́ lójú. Ẹ mọ̀ pé katikísì tó ń kọ́ ìjọ ni wọ́n, bí wọ́n bá dìde gbogbo èèyàn á dákẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi Kòkúmọ́ sá fún ìwé, kò sá fún Ọlọ́run. Láti Kútọnu ló ti fi omi mímọ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá Étienne pàápàá ṣe àmín. Fòfó, mi ò tíì gbọ́ kí Pàápá dárúkọ yín níwájú èèyàn rí láì kọ́kọ́ mí kanlẹ̀.

Omi náà sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ rántí pé látọjọ́ kọmúníọ̀n mi, tí Bàbá Àgbà mu ògógóró sódábì yó, tí wọ́n di fáàdá lọ́wọ́ mú pé kí àwọn jọ jó, ni Pàápá ti ní ọtí ọ̀pẹ kankan ò gbọdọ̀ wọlé wa mọ́. Látìgbà náà ni Bàbá Àgbà ti ń fajú ro. Ní báyìí, ife kékeré láàárọ̀, ife kékeré nírọ̀lẹ́, wọ́n á ní orúnkún ti rọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ orin. Pàápá ní ìgbàgbọ́ ló ń ṣe é.

Ó ku ọ̀rọ̀ tèmi. Lópin ọdún ìwé yìí, ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ á pín àwa tó wà ní kíláàsì ségọ́ǹdì sọ́nà méjì. Sérì A, ìyẹn èdè àti ìtàn. Sérì D, ìyẹn sáyẹ́ǹsì. D ni mo fẹ́, torí iṣẹ́ àwọn tó ń po oògùn ní fàmásí ló wà lọ́kàn mi. Pàápá ní bí mi ò bá rí D, kí n fi lísè sílẹ̀, kí n lọ bá Tántì Honorine ní Moretan kí n kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Tántì dáa. Àmọ́ ẹ mọ èmi àti abẹ́rẹ́: bọ́tìnnì tí mo bá rán lónìí, ọ̀la ló ń já.

Mùsíyé Gilbert, olùkọ́ físíìsì wa, ní iṣẹ́ ọwọ́ kan ló máa pinnu fún àwọn tí máàkì wọn wà láàárín méjì. Èmi wà láàárín méjì gbáko. Iṣẹ́ ọ̀hún rèé: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń ti inú afẹ́fẹ́ bọ̀ tó wọnú omi ní ẹ̀gbẹ́, kì í lọ tààrà mọ́. Ó máa ń tẹ̀. Mùsíyé ti fi ike tó mọ́ gaara ṣe àwo kan tó rí bí ìdajì òṣùpá. A ó bu omi sí i, a ó gbé e lé ìwé, a ó gún pínnì síwájú, a ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, a ó máa wo inú omi títí pínnì kan á fi bo èkejì mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ la ó ti fa ìlà. Ìlà kan tún wà tó dúró ṣánṣán síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti wọlé, ara ẹ̀ la ti ń wọn igun: igun tó fi wọlé, àti igun tó tẹ̀ sí nínú omi. A ó wo sínúsì, ìyẹn nọ́ńbà tó bá igun kọ̀ọ̀kan lọ, fún igun méjèèjì nínú ẹ̀rọ ìṣirò, a ó fi èkejì pín èkíní. Ti omi gbọ́dọ̀ jẹ́ 1,33.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òjò ti dé. Omi ẹ̀rọ pupa, omi kànga pupa bí ọbẹ̀ epo. Mùsíyé ní kálukú kó wá omi tó mọ́ wá láti ilé. Mo máa rí i wá.

Ẹ bá mi gbàdúrà o.

Lucie


Kútọnu, ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún, 2008

Lucie, dókítà oògùn lọ́la,

Mo ti ka lẹ́tà rẹ sétí gbogbo àwọn tó ń tajà níbi iná pupa. Ibi tí Pàápá ti dìde, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Alátẹ àgbọn ní kí n tún un kà, ó ní òun ò gbọ́ ibi àtẹ́wọ́ dáadáa. Jọ̀ọ́, sọ fún mi: ṣé àtẹ́wọ́ náà pẹ́? Étienne fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀? Báwo ni ojú ẹ̀ ṣe rí? Ṣé wọ́n ní "Kòkúmọ́" lásán, àbí wọ́n ní "ọmọ mi Kòkúmọ́"? O kọ ọ́, àmọ́ tún un kọ.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń tẹ̀ yẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i níbí, wọn ò kàn fún mi ní díbúlọ́mà ẹ̀ ni. Wo àwọn sẹ́mì tó ń fi alùpùpù gbé èrò. Ó ń bọ̀ tààrà, ó ń sáré, kò bẹ̀rù ẹnì kankan. Bó bá ti fojú kan ọlọ́pàá ní ìyànà, fìrì! Ó tẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń tẹ̀ tó. Ṣé kì í ṣe bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn? Sọ fún Mùsíyé Gilbert pé kó wá sí Kútọnu, kó mú ràpọ́tọ̀ dání.

Bẹ̀rẹ̀ dáadáa, di ojú kan, má mí. Bí ọwọ́ rẹ bá gbọ̀n, rò ó pé irùngbọ̀n Étienne lo fẹ́ gún ní pínnì. Nǹkan tó wà lọ́wọ́ rẹ, ti Jámánì ni. Kò ní já ẹ kulẹ̀.

Kí Bàbá Àgbà. Sọ pé mo ní kí wọ́n rọra máa kọrin.

Ọmọ Pàápá, tí ìjọ pàtẹ́wọ́ fún,
Kòkúmọ́


Atakpamé, ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, 2008

Fòfó,

Ilé wà dáadáa, èmi ni mi ò dáa. Ràpọ́tọ̀ yín ti ba tèmi jẹ́! Mẹ́jọ nínú ogún ni mo gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ má ní mo ya ọ̀lẹ. Kò sí omi tó mọ́ lórí òkè yìí bí ti Bàbá Àgbà. Mo dúró kí wọ́n sùn lọ́sàn-án, mo bu díẹ̀ nínú ẹ̀. Mo tiẹ̀ rò ó pé omi tí fáàdá súre sí á bá mi di pínnì mú. Nígbà tí mo dà á sínú àwo, òórùn lọ́fíńdà gba gbogbo kíláàsì. Mùsíyé fa imú, ó ní, "Lucie, ṣé ìyàwó là ń gbé ni?" Mo ní omi mímọ́ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tí igun ìwọlé jẹ́ 60 dìgírì, àwọn tó kù rí 40 àtààbọ̀ nínú omi. Èmi rí 39 àtààbọ̀. Mo yọ pínnì, mo tún un gún. 39 àtààbọ̀. Níbi 45, wọ́n rí 32, èmi rí 31 àti díẹ̀. Níbi 75, tiwọn ju 46 lọ, tèmi ò ju 45 àti díẹ̀. Mùsíyé wo ìwé mi, ó mi orí. Ó ní, "Ọmọ yìí, o ò mọ ràpọ́tọ̀ kà." Étienne dìde lẹ́yìn, ó ní, "Mùsíyé, ẹ ṣàánú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló fi ránṣẹ́, bóyá òun ló fi ọwọ́ fa àwọn ìlà ẹ̀." Kíláàsì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Étienne gba mẹ́tàdínlógún!

Mo sunkún lọ bá Mùsíyé. Ó ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ni ìgbìmọ̀ á jókòó, bí mo bá ní mo jàre, kí n mú ẹ̀rí wá kó tó dìgbà náà, omijé kì í ṣe ẹ̀rí. Tántì Honorine ti ránṣẹ́ láti Moretan pé ẹ̀rọ ìránṣọ kan ti ṣófo nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn.

Ẹ̀yin lẹ ní ó wá láti Jámánì. Ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó tà á búra. Kí ni mo fẹ́ ṣe báyìí?

Lucie


Kútọnu, ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, 2008

Lucie,

Dá ọwọ́ dúró! Bú mi, bú Ẹ̀taòkò, bú ìjọba. Ọjà mi, má bú u.

Bí mo ṣe ka lẹ́tà rẹ tán, mo mú ràpọ́tọ̀ mẹ́ta tó kù nínú páálí kan náà. Mo lọ síwájú báńkì, níbi tí táìsì ti gún rẹ́gí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo gbé àkọ́kọ́ lé igun táìsì: 90. Ìkejì: 90. Ẹ̀ṣọ́ báńkì jáde, ó ní, "Ìwọ, kí lò ń wá nílẹ̀?" Mo ní òtítọ́ ni mò ń wá. Ó lé mi. Mo padà láti ẹ̀yìn, mo wọn ìkẹta: 90! Mo ṣẹ́ ìwé sí méjì ní igun, ó fún mi ní 45. Àwọn èèyàn ti pé jọ, wọ́n rò pé mò ń wọn ilẹ̀ kan. Àní ọkùnrin kan bi mí bóyá ilẹ̀ náà ṣì wà ní títà.

Nítorí náà, ràpọ́tọ̀ mi ò purọ́. Ojú rẹ náà ò fọ́, èmi tí mo ń ta awò ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Bóyá tábìlì ló wọ́. Bóyá àwo Mùsíyé ló wọ́. Bóyá Mùsíyé fúnra ẹ̀.

Ní ti omi yẹn... Lucie, ta ló ní kó o ṣí i? Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i. Omi mímọ́ ní ìwà tiẹ̀, kì í ṣe gbogbo nǹkan la fi ń dán físíìsì wò. Má bi mí nípa ẹ̀. Má tún bù ú mọ́. Má sì sọ fún Pàápá pé o bù ú, wọn ò ní fẹ́ kéèyàn máa fi nǹkan Ọlọ́run ṣeré.

Lọ bẹ Mùsíyé. Mú adìyẹ kan dání, sunkún díẹ̀ sí i.

Kòkúmọ́


Atakpamé, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, 2008

Fòfó Kòkúmọ́,

Ẹ ní ràpọ́tọ̀ yín ò purọ́. Mo gbà. Ẹ̀yin ńkọ́?

Nígbà tí ẹ ní ó gún rẹ́gí, mo jókòó ti ìwé mi. Mo ní bó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ló gbọ̀n, mo máa ṣì í sókè lẹ́ẹ̀kan, mo máa ṣì í sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ ìsàlẹ̀ ni gbogbo tèmi wà. Bí igun ìwọlé bá sì ṣe ń tóbi ni àlàfo èmi àti àwọn tó kù ń fẹ̀ sí i. Mo yá ẹ̀rọ ìṣirò Julienne, ọ̀rẹ́ mi. Mo pín sínúsì 45: 1,36. Mo pín ti 60: 1,36. Mo pín ti 75: 1,36! Ẹni tí kò mọ ràpọ́tọ̀ kà, ṣé ó lè ṣì í kó bọ́ sójú kan náà ní gbogbo ìgbà? Igun mi dáa. Nǹkan tó wà nínú àwo ni kì í ṣe omi.

Ẹ̀yìn ìwé físíìsì wa, àwọn nǹkan àti nọ́ńbà wọn wà níbẹ̀. Omi, 1,33. Gíláàsì, 1,5. Mo fi ìka tọ 1,36 lọ. Ẹ fẹ́ mọ nǹkan tí wọ́n kọ sí iwájú ẹ̀? Álíkóòlù. Álíkóòlù, Fòfó!

Mi ò tíì fẹ́ gbà á. Mo bu ṣíbí kan nínú omi fáàdá yín, mo ṣáná sí i. Ó gbiná. Iná búlúù, ó rọra ń jó lórí ṣíbí. Mo gbé e lọ bá Bàbá Àgbà níbi tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n wo iná, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Lucie, kí ló dé tó o fi ń sun ọtí mi?"

Ọtí! Ẹnu wọn ló ti jáde. Wọ́n wá dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní àwọn ló bẹ̀ yín, kí n ṣàánú àwọn, pé sódábì yẹn nìkan ló kù tó ń bá àwọn sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí.

Ẹ̀rí mi nìyí o. Ẹ̀rí wà, mi ò sì lè gbé e jáde. Inú ẹgbẹ́ akọrin kan náà ni Mùsíyé Gilbert àti Pàápá wà. Bí Mùsíyé bá gbọ́ láàárọ̀, Pàápá ti gbọ́ nírọ̀lẹ́. Pàápá tó dìde fún yín níwájú ìjọ! Mo rántí bí ẹ ṣe ní kí n tún un kọ fún yín.

Mo lè sọ ọ́ láì bi yín, ọwọ́ mi ni ìgò wà. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí n ṣe, kí èsì yín sì dé kí ọjọ́ 13 tó pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àwàdà dá mi lóhùn.

Lucie


Kútọnu, ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà, 2008

Lucie,

Mo kọ lẹ́tà yìí, mo fà á ya. Èyí tí mo fà ya, irọ́ ló kún inú ẹ̀: mo ní àwọn tó ta omi fún mi ló rẹ́ mi jẹ. Ó dùn kà o, ò bá gbà á gbọ́. Àmọ́ ìwọ tí ìmọ́lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ fún, kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ?

Sódábì ni. Ojúlówó. Bàbá Àgbà ló ránṣẹ́, àánú wọn ṣe mí, ọgbọ́n sì ń gùn mí. Mi ò rò ó pé Pàápá á dìde. Mi ò tiẹ̀ rò ó pé wọ́n á dárúkọ mi. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn ti dé, bí mo bá ń polówó, ohùn mi ti yàtọ̀, àwọn oníbàárà ń bi mí bóyá mo ti gbéyàwó. Mo fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i lára mi. Ìyẹn nìkan ni.

Ó ti tó. Lọ sọ fún Mùsíyé. Sọ gbogbo ẹ̀, sọ orúkọ mi, sọ ọ́ sókè. Bó bá ní iná orí ṣíbí ò tó, Ẹ̀taòkò gbé ìgò míì bọ̀, láti ọ̀dọ̀ ẹni kan náà, mi ò kán lọ́fíńdà sí eléyìí, mo kọ SÓDÁBÌ gàgàrà sí i lára. Kó dà á sínú àwo fúnra ẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀, kó wọ̀n ọ́n. Mo ti sọ fún Ẹ̀taòkò pé bó bá gbàgbé eléyìí sábẹ́ ìjókòó, èmi àti ẹ̀ á pàdé ní ibodè. Mo sì ti fi téèpù dí ojú ìgò, torí mo mọ ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀.

O ò ní lọ máa já bọ́tìnnì ní Moretan nítorí ẹnu mi.

Kòkúmọ́


Atakpamé, ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, 2008

Fòfó mi, Fòfó mi, Fòfó mi!

Sérì D! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ ìyẹn kí n tó kí yín. Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ kú ilé, ẹ kú ọjà. D!

Ìgò yín dé lọ́jọ́ kejìlá, ó kún dé ẹnu. Mùsíyé Gilbert gbọ́ àlàyé mi, ó ní kí gbogbo kíláàsì dúró. Ó da ọtí sínú àwo, ó gún pínnì, ó bẹ̀rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n. Ó nu ojú, ó tún un wọ̀n. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi ń bọ́ lójú ẹ̀. "39 àtààbọ̀," ló ń wí. "39 àtààbọ̀, Lucie!" Ó pe Étienne pé kó wá wò ó. Étienne náà rí 39 àtààbọ̀. Ó tún ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sún mọ́ ọn jù, Mùsíyé ní, "Ojú ni kó o fi wò ó, gbé imú rẹ kúrò!" Ó fún mi ní méjìdínlógún, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀.

Ó wá ku Pàápá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìgbìmọ̀, níbi ìdánrawò orin, Mùsíyé dì mọ́ wọn. Inú ẹ̀ dùn, kò rò ó jìnnà. Ó ní, "Mùsíyé Maurice, ọmọ yín fi igun mú ọtí!" Wọ́n ní Pàápá ká ìwé orin wọn kíá. Wọ́n dé ilé, wọ́n jókòó síwájú Bàbá Àgbà. Bàbá Àgbà ní àwọn rò pé bí omi mímọ́ ṣe ń rí ní Kútọnu nìyẹn. Pàápá gbé ìgò, wọ́n da gbogbo ẹ̀ sí ìdí igi ọsàn. Bàbá Àgbà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn ò lè wò ó.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé igun náà fún àwọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fà á sórí ìwé. Wọ́n fi awò yín wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "O ṣeun. Mo máa ránṣẹ́ sí Honorine kó wá ẹlòmíì." Fòfó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò.

Àmọ́ bí mo ṣe ń jáde, wọ́n ní, "Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ dà?" Mo fún wọn. Wọ́n ti ra káàdì. Kì í ṣe ẹyọ kan o. Wọ́n to wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara lórí tábìlì, wọ́n sì ń kọ nǹkan tí wọ́n fẹ́ sọ sílẹ̀. Ó ti kún ojú ìwé méjì.

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ múra sílẹ̀.

Lucie


Kútọnu, ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà, 2008

Lucie, ìyá ìmọ́lẹ̀!

Mo pariwo níbi iná pupa títí awakọ̀ kan fi rò pé mọ́tò ti gùn mí lẹ́sẹ̀. D! Àbúrò mi! Mo fún alátẹ àgbọn ní awò kan lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì kábàámọ̀ ẹ̀ kí iná tó yí padà. Étienne bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ọtí mi, ó ka nọ́ńbà tí àbúrò mi ti kà ṣáájú ẹ̀! Sọ fún un pé mo kí i. Sọ fún un pé sódábì lásán ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, pé ti Kòkúmọ́ nìkan ló lágbára tó ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Ká sọ pé omi gidi ni mo fi ránṣẹ́, ta ni ì bá mọ̀ pé o mọ igun wọ̀n tó bẹ́ẹ̀? O ti gba ìyìn tìẹ, Mùsíyé ti gba tiẹ̀, mo ń retí tèmi.

Ní báyìí, bí mo bá ń polówó, mo ní, "Ẹ ra awò lọ́wọ́ ẹni tí àbúrò ẹ̀ mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà!" Ọjà ń yá.

Ní ti ìjọ, Pàápá á tún dìde, mo mọ̀. Ó lè jẹ́ láti gba àtẹ́wọ́ wọn padà. Kò burú. Èyí tí wọ́n pa yẹn, kì í ṣe èmi ni wọ́n pa á fún, ọkùnrin kan tó ń gbé omi mímọ́ kiri ni, mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìwọ tó o ń lọ sí D, èmi gan-an ló ní kó o sọ̀rọ̀. Bí ó bá rọrùn fún ẹ, bá mi rán Pàápá létí ìyẹn nígbà tí ìbínú wọn bá lọ sílẹ̀, ká ní oṣù Kẹjọ. Oṣù Kẹsàn-án á tún dáa jù.

Sọ fún Bàbá Àgbà pé mo bá wọn kẹ́dùn. Kí wọ́n jókòó sábẹ́ igi ọsàn náà títí ọsàn á fi pọ́n.

Dúró. Tẹlifóònù ń dún.

Pàápá ni.

Ó ti dákẹ́. Mo jókòó sórí pátákó mi, mò ń làágùn, èmi mínísítà ojú. Ó tún ń dún! Alátẹ àgbọn ní kí n gbé e, ó ní bàbá ẹni ni bàbá ẹni. Mo ní kí òun náà gbé e. Ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Lucie, bí wọ́n bá bi ẹ́ léèrè, má ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Má ní wọ́n jí i. Má purọ́ kankan nítorí mi mọ́. Sọ fún Pàápá pé ọmọ wọn kí wọn púpọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì ti pa tẹlifóònù ẹ̀.